Ère Tí A Kò Fi Àmì Sí

Ìyáàfin Adéjùmọ̀kẹ́ Ṣíjúadé gbà pé ohun méjì ni Ọlọ́run fi ya èdè Yorùbá sọ́tọ̀ láàrin àwọn èdè ayé: ìkíni àti àmì ohùn. Ẹni tí ó bá fi ìkíni ṣeré, a lè bá a bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ó bá fi àmì ohùn ṣeré, kí ó lọ jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì. Ọdún márùndínlógójì ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kò sì sí ọmọ kan tí ó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin tí í ṣe nọ́ọ̀sì ní kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Thamesmead, ní London, báírò pupa mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ kó sínú àpótí kí ó tó kó aṣọ. Kò pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò fi sọ ọ́ ní Mummy Tíṣà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Thamesmead Town Centre láti ra ẹ̀wà olóyin. Ó rí ìwé kan lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilé. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó gbé awò sójú, ó sún mọ́ ọn, ó sì kà á:

"E wa so ero yin. Won fe mu ere kuro ni Woolwich. Se ki ere lo ni, abi ki ere duro? Oro yii kan gbogbo wa. Satide, aago meji osan, ni gbongan wa ni Thamesmead."

Kò sí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Kò sí ti òkè, kò sí ti ìsàlẹ̀, kódà kò sí èyí tí ó máa ń wà lábẹ́ lẹ́tà. Ìwé náà rí bọ̀rọ̀jọ̀ bí adìyẹ tí wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀ tán. Àwòrán tí ó yẹ kí ó wà ní ìsàlẹ̀ kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti sọ ọ́ di àbààwọ́n dúdú kan tí ó ká jọ. Mummy Tíṣà ti ṣí báàgì, ó ti yọ báírò pupa, ó ti ṣí ìdérí rẹ̀, kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sí ìlà tí ó kẹ́yìn: "Fikayo ni ki e pe." Ọwọ́ rẹ̀ dúró sí ojú kan.

Olúwafikáyọ̀mi ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tí wọ́n bí sí Woolwich tí ó sì dàgbà sí Thamesmead. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà Yorùbá ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Inú ìyá àgbà dùn kọjá ààlà. Nítorí pé inú rẹ̀ dùn, ó fi báírò pupa tọ́ àṣìṣe mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú lẹ́tà náà, ó sì dá a padà sí London pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ní ìsàlẹ̀: "O gbìyànjú. Tún un kọ." Ọmọ kò tún un kọ. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kò fi èdè Yorùbá kọ ohunkóhun mọ́, ìbáà ṣe ìkíni ọjọ́ ìbí. Ìgbà tí Mummy Tíṣà dé Thamesmead ni ó tó gbọ́ pé ọmọ náà sunkún lọ́jọ́ tí lẹ́tà padà dé, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Grandma ní mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò kì í ṣe Yorùbá." Ọ̀rọ̀ yìí wọ Mummy Tíṣà lára ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ìwé ara ilẹ̀kùn yìí ni àkọ́kọ́ láti ìgbà náà. Mummy Tíṣà dé báírò rẹ̀. Ó ra ẹ̀wà, ó wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, ó sì ń bá ara rẹ̀ jà ní gbogbo ojú ọ̀nà. Ó mọ̀ dájú pé "ere" yẹn yóò ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí òun bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, ọmọ yìí yóò pa tirẹ̀ dé, bóyá títí ayé.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun ìrọ̀lẹ́, Fikáyọ̀ wò ó láti òdì kejì tábìlì. "Màmá, o rí ìwé mi ní ṣọ́ọ̀bù?"

Mummy Tíṣà gbé "o" náà mì pẹ̀lú ẹ̀wà. "Mo rí i."

"Ó dáa?"

"Mo rí i pé o kọ ọ́."

"Èmi nìkan ni mo kọ ọ́ o. Mi ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan."

"Mo rí ìyẹn náà."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ère. Ère idẹ kan wà nínú ọgbà kékeré kan létí odò ní Woolwich, ère Josiah Tarrow, oníṣòwò ayé àtijọ́ tí ó fi ọkọ̀ ojú omi kó ṣúgà, tí ó sì kó ènìyàn. Tarrow dúró lórí òpó òkúta, ó gbé àgbọ̀n sókè. Ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin adúláwọ̀ kan kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo kan sókè sí i. Orúkọ Tarrow wà lára òkúta. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ nípa èkejì. Àwọn kan ní kí wọ́n mú un kúrò, àwọn kan ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Káńsù wá ní òun yóò gbọ́ ti ẹnu àwọn ará ìlú títí di ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀.

"Mo ti lọ sí ìpàdé mẹ́ta," ni Fikáyọ̀ wí. "Nínú gbogbo àwòrán tí wọ́n gbé kalẹ̀ àti gbogbo ènìyàn tó jókòó, ọkùnrin tó kúnlẹ̀ yẹn nìkan ló jọ wá. Òun náà ò sọ̀rọ̀. Mo wá ní káńsù gbọ́dọ̀ wá sí Thamesmead. Bí àwọn èèyàn wa ò bá wá lọ́jọ́ Sátidé, ojú á tì mí."

"Wọn yóò wá," ni Mummy Tíṣà wí. Ẹ̀rù pé wọn yóò wá gan-an ni ó ń bà á.

Lóòótọ́, wọ́n wá. Kí aago méjì tó lù lọ́jọ́ Sátidé, àga ti tán nínú gbọ̀ngàn, àwọn kan sì fara ti ògiri. Ọmọbìnrin òyìnbó tí káńsù rán wá láti kọ èrò àwọn ènìyàn sílẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò rí irú ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí. Fikáyọ̀ ń yọ̀ bí ẹni tí ó jogún. Mummy Tíṣà nìkan ni ó wo ojú àwọn tí ó jókòó, tí ó sì rí i pé ojú ìjà ni.

Fikáyọ̀ dìde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Bí ẹ ṣe mọ̀, ọ̀rọ̀ ere ló kó wa jọ." Ó pè é gbọọrọ bí àwọn ọmọ London ṣe máa ń pè é, láìgbé e sókè, láìsọ̀ ọ́ sílẹ̀. "Wọ́n fẹ́ mú ere yìí kúrò, àwa sì—"

"Ta ni yóò mú un?" Alhaji Naheem ti dìde. Ọmọ Ìbàdàn ni Alhaji. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ó fi wa bọ́ọ̀sì láti Thamesmead lọ sí Woolwich kí ó tó fẹ̀yìn tì, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta iṣu. "Ẹ jẹ́ kí n rí onítọ̀hún sójú! Iṣu tí mò ń tà, ẹ̀yìn ara mi ni mo fi ń gbé e. Èrè táṣẹ́rẹ́ orí rẹ̀ náà ni wọ́n tún rí?"

"Èrè wo, Alhaji?" Falilat ni ó fèsì, obìnrin Èkó kan tí ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. "Eré ni wọ́n kọ síbẹ̀! Ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré ni wọ́n fẹ́ hú. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Bí wọ́n bá mú eré kúrò níta, orí àga ìjókòó mi ni wọn ó ti máa fò!"

Láti ẹ̀yìn pátápátá, Uncle Kareem tí ń gbé ní Belvedere na ọwọ́ sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò tíì rí erè náà mú ni? Mo rí àwòrán rẹ̀, ó ká jọ. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ní kí ìyàwó mi má gba etí odò mọ́."

"Erè kẹ̀!" ni Alhaji pariwo. "Kareem, ejò wo ni yóò fi oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ wá jẹ òtútù ní Woolwich?"

"Àwa náà ṣáà wá, Alhaji."

Gbọ̀ngàn bú sí ẹ̀rín. Àwọn kan ń lu orúnkún ara wọn, àwọn kan ń nu ojú. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ṣùgbọ́n Fikáyọ̀ dúró láàrin wọn, etí rẹ̀ gbóná. Ó wo ìwé náà bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ojú rẹ̀ nínú dígí. Ó ká a sí méjì, ó sì yí ohùn padà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì: ó ní kí wọ́n má bínú, kò yẹ kí òun dán an wò, òun kò ní kọ Yorùbá mọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo wọn máa sọ lọ.

Mummy Tíṣà gbọ́ ọ. Lẹ́tà ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn ni ó tún ń padà sílé yìí. Ó dìde, kò mọ ìgbà tí ó dé iwájú.

"Ẹ dákẹ́."

Àgbà mẹ́rìndínlọ́gọ́ta dákẹ́ bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Mo rí ìwé yìí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo mọ̀ pé ẹ óò ṣì í kà. Mo pa ẹnu mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹnì kan rẹ́rìn-ín, tíṣà ni kí ẹ fi rẹ́rìn-ín, ẹ fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀."

Fikáyọ̀ gbójú sókè. "O mọ̀? Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Nítorí pé lẹ́ẹ̀kan rí, mo sọ̀rọ̀ jù," ni ìyá àgbà dáhùn. "Mo tọ́ lẹ́tà rẹ, mi ò dá a lóhùn. Ọmọ kọ̀wé sí mi pé òun fẹ́ràn mi, mo fún un ní máàkì." Ó kọjú sí i. "Mo fẹ́ràn rẹ, Olúwafikáyọ̀mi. Èsì lẹ́tà rẹ nìyẹn. Ó pẹ́ kí ó tó dé, mo mọ̀."

Ẹnì kan fọn imú láàrin èrò. Alhaji Naheem ni, ṣùgbọ́n ó díbọ́n bí ẹni pé òtútù ni.

Kí ó tó di pé ẹkún bá gbogbo wọn, Mummy Tíṣà gbé kálàmù ara pátákó funfun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì kọ "ere" ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sísàlẹ̀ ara wọn. "Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yìí kọ, ilé onílẹ̀kùn mẹ́rin ni. Kálukú yín gba ilẹ̀kùn tí ó bá a lára mu wọlé. Ẹni tí ó ní ọjà rí èrè: dò dò. Ẹni tí ó ní ọmọ rí eré: re mí. Ẹni tí ó ní ojora rí erè: re dò."

"Mummy Tíṣà, ẹ̀yin náà!" ni Uncle Kareem wí.

"Ìkẹrin ni tiwa lónìí. Ère. Dò re. Gbogbo yín."

"Dò re!" ni gbọ̀ngàn dáhùn, ọmọbìnrin káńsù náà sì bá wọn pè é.

"Fikáyọ̀, fi ère hàn wọ́n."

Ọmọ náà ṣí àwòrán lórí fóònù rẹ̀, fóònù sì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí ó ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ń kú lẹ́yìn rẹ̀. Alhaji Naheem mú un pẹ́ jù. "Mo mọ èyí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wa ọkọ̀ kọjá lára rẹ̀. Mo rò pé ó ń kí ọ̀gá rẹ̀ ni."

"Alhaji," ni Mummy Tíṣà wí, "ọkùnrin Ìbàdàn wo ni ẹ rí tí ó ń kúnlẹ̀ kí ènìyàn?"

Alhaji mi orí. "Ìdọ̀bálẹ̀ ni tiwa. Lóòótọ́, ọkùnrin kì í fi ìkúnlẹ̀ kíni." Ó tún wo àwòrán. "Wọ́n fi ipá mú un kúnlẹ̀ ni."

Falilat gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi máa ń kúnlẹ̀ láràárọ̀," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Bàbá òyìnbó kan wà tí mò ń tọ́jú ní Woolwich níbẹ̀, ọmọ àádọ́rùn-ún ọdún. Mo máa ń kúnlẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Kò dùn mí, nítorí bí mo bá wọ̀ ọ́ tán, màá dìde, màá ní, 'Ó dàbọ̀, Bàbá.' Òun á ní, 'O ṣé, Falilat.' Ó mọ orúkọ mi. Ẹni idẹ yìí ò lè dìde láéláé, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀. Kí wọ́n mú un kúrò níbẹ̀."

"Kí wọ́n mú un kúrò kẹ̀?" ni Alhaji wí. "Rárá o. Bí wọ́n bá mú un kúrò, àwọn ọmọ-ọmọ mi yóò gba ibẹ̀ kọjá, wọn yóò rí òdòdó, wọn yóò ní ìlú yìí kò ṣe nǹkan kan rí. Kí ó dúró. Kí wọ́n kọ ohun tí ó ṣe sí i lára, gàdàgbà gàdàgbà."

"Alhaji, ẹni tí wọ́n nà, ṣé wọ́n máa ń gbé pàṣán kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀ kó má bàa gbàgbé ni?"

"Bí wọ́n bá sì ju pàṣán nù, Falilat, ẹni tí ó nà á yóò ní òun kò na ẹnikẹ́ni."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín sí èyí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, kò sì sí èyí tí ó ju èkejì sílẹ̀. Wọ́n fà á fún wákàtí kan gbáko. Uncle Kareem ní tí wọ́n bá gbé e sí ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí, tí wọ́n sì kọ ìtàn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a kò gbé pàṣán kọ́ sí pálọ̀, a kò sì jù ú nù. Nígbà tí wọ́n ka ọwọ́, ọwọ́ méjìlélógójì wà pẹ̀lú Kareem. Alhaji àti àwọn mẹ́tàlá kò gbà, wọ́n sì ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò gbà.

Ọmọbìnrin káńsù ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà kan, kí òun mú un lọ. Èdè tí ó bá wù wọ́n ni kí wọ́n fi kọ ọ́, àwọn yóò wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Fikáyọ̀ ní òun yóò kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kíákíá.

"Gẹ̀ẹ́sì bí ti báwo?" ni Falilat wí. "Yorùbá ni mo fi sọ tèmi. Má bá mi gé e kúrú, àbúrò."

Ọmọ wo ìyá àgbà. Mummy Tíṣà lọ jókòó, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sí abẹ́ itan ara rẹ̀ kí wọ́n má bàa wá iṣẹ́ ṣe. Fikáyọ̀ fa àga sí ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà, ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń la odò kọjá lórí òkúta. Àwọn ènìyàn ti ń to àga jọ kí ó tó gbé orí sókè.

"Màmá, ọkùnrin tó kúnlẹ̀ yìí, kí ni kí n pè é?"

"Ẹrú. Re mí. Àmì òkè lórí u."

Fikáyọ̀ kò kọ ọ́. "Ṣé ẹrú ni wọ́n bí i?"

"Rárá. Wọ́n mú un ni."

"Ó ti ní orúkọ kí wọ́n tó mú un. Ó ní ìyá. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ará Ìjẹ̀bú."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹrú kọ́ ni ohun tó jẹ́ nígbà náà. Ohun tí wọ́n fi í ṣe ni. Mo fẹ́ kọ 'ọkùnrin tí wọ́n mú lẹ́rú.' Àmọ́ ó gùn. Ṣé gírámà rẹ̀ burú?"

Mummy Tíṣà tún gbólóhùn náà wí sí ara rẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ni ó fi mú àwọn ọmọ kọrin rẹ̀: ẹrú, ẹrù, ẹ̀rù. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni ẹrú. Ó dá dúró bí òkúta, kò béèrè pé ta ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn ọmọ yìí, "wọ́n" wà ní ipò olùwà, ní gbangba, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí wọn. Kò ka èyí nínú ìwé kankan rí.

"Kò burú," ni ó wí. "Ó sàn ju tèmi lọ. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"O ní kí ni?"

"Mo ní ó sàn ju tèmi lọ. Má jẹ́ kí n tún un wí, Alhaji wà nítòsí."

"Mo ti gbọ́ o!" ni Alhaji Naheem ké láti ẹnu ọ̀nà, àga mẹ́ta lórí apá rẹ̀. "Ẹ̀yin ará Thamesmead, ẹ wá wò ó! Mummy Tíṣà ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò!"

"Ẹ máa ru àga yín lọ, Alhaji," ni Mummy Tíṣà wí. Ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀, kò sì bá a jà. Fikáyọ̀ ti tẹ orí ba, ó ń kọ ọ́ lọ.